Ìfun Ayọ̀níkẹ́ àti Ọbẹ̀ Ọjọ́ Jímọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ gbogbo tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó wà lójú ọ̀nà láti Berlin dé Hamburg, ẹ má wulẹ̀ yọ fóònù yín lẹ́nu. Ayọ̀níkẹ́ ni kẹ́ ẹ bi. Ó mọ èyí tí wọ́n ti ń gbowó kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn wọlé, ó mọ èyí tí kì í ní bébà, ó mọ ọ̀kan báyìí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lèèyàn á nà jáde láti fi dì í mú. Abiyamọ, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, tó ti ń se oúnjẹ tà ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin, láti ọdún mọ́kànlá! Ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Tẹ́mì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, òun ló wá di ẹni tó ń fẹsẹ̀ dílẹ̀kùn mú létí títì. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìyà, kí la fẹ́ pè é?

Kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìrìn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ọjà rẹ̀. Ní Billbrook, ní Hamburg, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí pọ̀ sí lọ súà, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe Frühschicht, iṣẹ́ àárọ̀, máa ń parí iṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán. Ọkọ̀ Ayọ̀níkẹ́ á ti gúnlẹ̀ sẹ́nu géètì pẹ̀lú kúlà mẹ́fà: ata díndín, ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ rírò, ọbẹ̀ ẹja tútù, gbogbo rẹ̀ nínú abọ́ ike. Oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ di ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Jímọ̀ yẹn ló fi ń sanwó ilé, Jímọ̀ yẹn ló fi rán Tẹ́mì ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ohun tó ń pa ní Wedding láàárín ọ̀sẹ̀, jíjẹ àti mímu ni.

Ẹni tó ń bá a gba orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ni Mọ́ṣúdù, ọmọkùnrin Ìwó kan tó ń wa Stapler, ọkọ̀ kékeré tó ń gbẹ́rù sórí pẹpẹ. Ní ìparí oṣù kejì ló pè é.

“Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú o, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, mo kàn ń jíṣẹ́ ni. Àwọn bọ̀ọ̀bọ́ ní láti ìgbà Kérésì, Jímọ̀ mẹ́ta lẹ ti pa jẹ. Obìnrin kan wà ní Harburg níbí tó lóun lè máa gbé oúnjẹ wá. Wọ́n ní bí ẹ bá tún pa ọ̀kan jẹ kó tó di Àjíǹde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn á máa rà.”

“Obìnrin Harburg,” ni Ayọ̀níkẹ́ wí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń pa Jímọ̀ jẹ fún yín. Ó ti tó ọdún méjì tí inú Ayọ̀níkẹ́ ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Bó bá jẹun tán, ikùn á wú bí ìgbà tí oyún bá pé oṣù márùn-ún, á máa pariwo, á máa lọ́ ọ, kó tó ṣẹ́jú pẹ́, ìgbẹ́ gbuuru ti dé. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, odindi ọjọ́ mẹ́rin, kò ní rí nǹkan kan yà. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí ikùn Ayọ̀níkẹ́ ni. Ó gbéra ó lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìgbẹ́, wọ́n ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ nídìí. Wọn ò rí egbò, wọn ò rí kókó. Dókítà wá ní Reizdarm ni, pé ìfun náà ò bàjẹ́ rárá, ó kàn ń bínú ni.

“Ó ń bínú?” ni Ayọ̀níkẹ́ fi èdè Jámánì bi í. “Kí ni mo ṣe fún un?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ayọ̀níkẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fún un ní Mebeverin, kápúsù kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, kó máa lò ó kó tó jẹun kí ìfun lè dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Wọ́n fún un ní òróró ewé míǹtì nínú kápúsù mìíràn, ìyẹn ń mú un gùnfẹ̀ ṣáá bí ẹni tó lá súìtì. Wọ́n fún un ní Loperamid tó ń dá gbuuru dúró, fún ọjọ́ ìrìn àjò, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ọ́ di oúnjẹ. Ìrora dín kù díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbuuru ò gbọ́, wíwú ò gbọ́. Oògùn ń ṣe tiẹ̀, ìfun ń ṣe tiẹ̀. Ni dókítà bá ní kó lọ rí Frau Lehnert, obìnrin tó ń gba aláìsàn nímọ̀ràn lórí oúnjẹ, tí ọ́fíìsì rẹ̀ ò jìnnà sí Leopoldplatz.

Frau Lehnert fa ìwé ojú mẹ́rin yọ. Ó ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí kò gbọdọ̀ kan Frau Àjàní, ìyẹn Ayọ̀níkẹ́, lẹ́nu. Tí inú bá ti rọlẹ̀, wọn á wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ wọn á fi tẹ èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ ka ìwé náà. Àlùbọ́sà. Áyù. Ẹ̀wà àti gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀wà ṣe. Búrẹ́dì. Mílíìkì. Máńgòrò. Oyin. Kajú.

“Àlùbọ́sà báwo?” ló bi í.

“Gbogbo rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ sè, èyí tẹ́ ẹ dín, èyí tí wọ́n lọ̀ mọ́ magí.”

Ẹ gbà mí! Ẹ bá mi yọ àlùbọ́sà, áyù àti magí kúrò nínú ọbẹ̀ Yorùbá, kẹ́ ẹ wá fi ohun tó kù hàn mí. Ayọ̀níkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú ni. Frau Lehnert fún un ní ìwé ìkọ̀wé kan, ó ní kó máa kọ gbogbo ohun tó bá jẹ sínú rẹ̀, aago tó jẹ ẹ́, àti ohun tí inú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un o. Ayọ̀níkẹ́ tí mo ń sọ yìí, bó bá ti ní òun á ṣe nǹkan, á ṣe é. Ìrẹsì funfun, ẹja bíbọ̀, káróòtì, ẹyin, ẹ̀fọ́ tí kò rí àlùbọ́sà lójú, ohun tó ń jẹ láràárọ̀ lálaalẹ́ nìyẹn, nínú ìkòkò kékeré tirẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín fún un, ó ní òun ò jẹ, wọ́n ní Màmá Tẹ́mì ti ń bẹ̀rù ayé. Gbogbo àkókò yẹn, ó ń ro ata fún oníbàárà lójoojúmọ́, òórùn àlùbọ́sà tó ń dín ń wọ̀ ọ́ nímú, itọ́ ń kún ẹnu rẹ̀, ó sì ń gbé e mì. Á padà sídìí ìrẹsì rẹ̀, á jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ bébà, á kọ ọ́ sínú ìwé: aago kan, ìrẹsì, ẹja. Aago mẹ́ta, inú wú. Aago mẹ́rin, gbuuru.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, pàbó ló já sí. Frau Lehnert ṣí ìwé náà, ó ń yẹ ojú ewé wò, ó ń mi orí.

“Frau Àjàní, ṣé gbogbo ohun tẹ́ ẹ jẹ ló wà níbí?”

“Gbogbo rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra.”

“Ṣé kì í ṣe pé ẹ gbàgbé àwọn nǹkan kékeré? Ṣokoléètì díẹ̀, búrẹ́dì díẹ̀?”

“Mi ò gbàgbé nǹkan kan!”

Inú bí i gan-an lọ́jọ́ yẹn. Nínú U6, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀ kíkankíkan pé, “Òpùrọ́ ló ń pè mí. Èmi, ọmọ Àlàdé, òpùrọ́!” Ọmọ kékeré kan yíjú wò ó, ìyá ọmọ náà sì rọra fà á sẹ́yìn. Kí lèèyàn tún fẹ́ ṣe? Ó fi oúnjẹ du ara rẹ̀, ó gbé oògùn mì, ó kọ̀wé bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ikùn ò sì gbà pé òun ṣe nǹkan kan. Ká sọ pé ó ń jẹ̀wà ní kọ̀rọ̀ ni, kì bá tí dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé Loperamid mì, ó délẹ̀ Hamburg, ó tajà. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó fẹ́ padà, ọkọ̀ kọ̀, kò ṣí. Mẹkáníìkì ní ó di ọjọ́rú. Ló bá dúró sọ́dọ̀ Fèyísọ́lá, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Billstedt ní Hamburg níbẹ̀. Ìyẹn ò gbà kó wọ kíṣìnnì rárá.

“Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe ní Berlin ti tó. Tí mo bá bá ṣíbí lọ́wọ́ yín nínú ilé yìí, a máa jà.”

Fèyísọ́lá ka ìwé ojú mẹ́rin náà, ó sì sè é bó ṣe wà níbẹ̀: ìrẹsì, ẹja, káróòtì. Lọ́jọ́ kejì, wíwú inú ti lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ayọ̀níkẹ́ yàgbẹ́ bí ọmọ èèyàn, ó jáde ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kẹrin, ó sùn mọ́jú. Ó ti tó ọdún méjì tó ti sun irú oorun bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Fèyísọ́lá wí, “ṣé oúnjẹ kan náà lẹ ń jẹ ní Berlin?”

“Oúnjẹ kan náà.”

“Oògùn kan náà?”

“Oògùn kan náà.”

Fèyísọ́lá wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá fa àga súnmọ́ ọn. “A jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀. Ta lẹ jọ ń wọ kíṣìnnì?”

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí? Ẹni tó ti gbé kámẹ́rà sára, tó ti gbé ìwé ojú mẹ́rin sórí, ó wá di ẹni tó ń wá ọ̀tá. Ẹni kan ṣoṣo ló sì ń bá Ayọ̀níkẹ́ wọ kíṣìnnì. Adéọpẹ́ ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Adéọpẹ́ ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ sì mọ̀ wá: bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, a ní ó ń ṣòfófó, bó bá dákẹ́, a ní ó ní nǹkan níkùn.

Ọjọ́rú ló padà sí Berlin. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọbẹ̀ Jímọ̀ ní kíṣìnnì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní Wedding, ìkòkò ńlá mẹ́rin lórí iná. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, ikùn Ayọ̀níkẹ́ ti yọ síta. Ó rìn lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó padà dé, ó tún sáré padà. Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Adéọpẹ́, kí lo fi sí i?”

“Sí kí ni, mà?”

“Sí oúnjẹ mi! Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi wà ní Hamburg, inú mi ò dùn mí. Mo fẹsẹ̀ kan ibí yìí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ta ló wà níbí? Kí ni mo fi ṣe ọ́? Ọmọ tí mo mú wọlé nígbà tí kò mọ ẹnì kankan ní gbogbo Berlin!”

Adéọpẹ́ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fọwọ́ rẹ̀, ó nù ún. “Mà, n kì í fọwọ́ kan ìkòkò tiyín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń sè é, ẹ̀yin lẹ ń bù ú.” Ó tún gbé ọ̀bẹ, ó ń gé àlùbọ́sà tó kù lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n Ayọ̀níkẹ́ ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀ràn lòun ń kó.

Jímọ̀ yẹn burú jáì. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló dúró lójú ọ̀nà, Loperamid tó lò ò ràn án. Nígbà tó máa fi dé Billbrook, aago mẹ́ta ti fẹ́ẹ̀ lù, ìdajì àwọn èèyàn ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Mọ́ṣúdù ló bá a kó abọ́ tó kù padà sínú kúlà.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” ló wí, kò wo ojú rẹ̀. “Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa fi mọ̀ o. Mo bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ mi ò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọjọ́ Túsìdeè ló wọ ọ́fíìsì Frau Lehnert bí ẹni tó fẹ́ jà. Ó ju ìwé sórí tábìlì. Ó ní òun ò ṣe mọ́, pé oúnjẹ kan náà mú òun lára dá ní Hamburg, ó ń pa òun ní Berlin, kí ó sọ ohun tí ìwé ojú mẹ́rin rẹ̀ rí sí ìyẹn. Frau Lehnert fetí sílẹ̀ títí tó fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló pa ìwé náà dé.

“Ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ jẹ fún mi mọ́. Ohun tẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ sọ. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti jí ní Ọjọ́bọ̀ títí tẹ́ ẹ fi sùn.”

“Kí ni mo ṣe? Iṣẹ́ ni mo ṣe!” Ayọ̀níkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń bá a rò ó. Ó bó iṣu nínú afẹ́fẹ́, ó da epo, ó da ata sí i, ó rò ó. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu ọbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó kán an sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó lá a, ó di ojú díẹ̀, ó bu iyọ̀.

“Ẹ dúró,” ni Frau Lehnert wí. “Kí lẹ ṣe yẹn?”

“Èwo?”

“Ọwọ́ yín yẹn. Ẹ tún un ṣe.”

Ayọ̀níkẹ́ tún un ṣe. Ó bù, ó kán, ó lá. “Mo tọ́ ọ wò ni.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?”

“Ta ló ń ka ìyẹn? Bí ata bá jinná, èèyàn á tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ bá wọlé, á tún un tọ́ wò. Bí ẹran bá wọlé ńkọ́? Tó o bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ńkọ́?” Ó ronú. “Ìkòkò kan, bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ.”

“Ìkòkò mélòó?”

“Mẹ́rin.”

Frau Lehnert kọ ọ́ sílẹ̀. “Kò sí ọ̀kankan nínú ìwé yín.”

“Kí ló fẹ́ wá ṣe nínú ìwé? Ẹ ní kí n kọ ohun tí mo jẹ. Ìtọ́wò kì í ṣe oúnjẹ! Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbààwẹ̀ gan-an, bó bá ń dáná fún ará ilé, á fi ahọ́n kan ọbẹ̀, á sì tu ú dànù, ààwẹ̀ rẹ̀ ò bàjẹ́.”

“Ṣé ẹ̀yin náà máa ń tu ú dànù?”

Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, Ayọ̀níkẹ́ ò tíì tu ọbẹ̀ dànù rí. Ta ló ń tu ọbẹ̀ aládùn dànù?

Frau Lehnert ṣàlàyé fún un pé ohun tó wà nínú àlùbọ́sà tó ń bí ìfun nínú, inú omi ọbẹ̀ ló máa ń yòrò sí, pé ọgbọ̀n ìtọ́wò lóòjọ́ fẹ́ẹ̀ tó ìdajì abọ́, pẹ̀lú áyù, pẹ̀lú magí, láìka ata sí. Ó ní ní Hamburg ńkọ́, ṣé ó dáná? Ayọ̀níkẹ́ ní àbúrò òun ò jẹ́ kóun wọ kíṣìnnì. Frau Lehnert wá ní kó má tọ́ nǹkan kan wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó má tilẹ̀ tọ́ èyí tó máa tu dànù.

Ẹ ó rò pé inú rẹ̀ á dùn, àbí? Olè ti bọ́ sọ́wọ́. Rárá o. Inú bí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ká ní wọ́n ní kó má jẹ, ó lè má jẹ. Ṣùgbọ́n kí alásè má tọ́ ọbẹ̀ wò? Ahọ́n yẹn ló fi ń jẹun láyé. Kì í wọn iyọ̀, kì í wọn ata, kò ka ìwé ìdáná rí. Bó bá ti kán an sí àtẹ́lẹwọ́, tó lá a, ó mọ ohun tó kù. Ẹ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló wá fi yàtọ̀ sí ẹni yòówù tó lè ra ata ní ọjà? “Bí mi ò bá tọ́ ọ wò, ọbẹ̀ á tẹ́,” ló ń sọ láti Leopoldplatz délé. “Bí ọbẹ̀ bá sì tẹ́, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ obìnrin Harburg. Bí mo bá tọ́ ọ wò, mi ò ní lè débẹ̀, wọ́n á ṣì lọ sọ́dọ̀ obìnrin Harburg.” Èwo lèèyàn fẹ́ mú níbẹ̀?

Ọjọ́bọ̀ dé. Ó yẹ kó bẹ Adéọpẹ́. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ni, kò bẹ̀ ẹ́.

“Ìwọ lo máa bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò lónìí,” ló wí, ó kọ ẹ̀yìn sí i. “Wọ́n ní àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ ló ń ṣe mí, pé ìtọ́wò ló ń gbé e wọlé.”

Adéọpẹ́ fa ṣíbí yọ. “Ẹ ò bẹ̀rù pé màá fi nǹkan sí i, mà?”

Ayọ̀níkẹ́ kọjú sí ìkòkò. Ó ń ro ata lọ.

Ẹ ò bá rí wọn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Ayọ̀níkẹ́ á nawọ́ sí ṣíbí, á rántí, á fà á sẹ́yìn. Á súnmọ́ ìkòkò, á gbóòórùn rẹ̀, á fetí sí bó ṣe ń hó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ṣíbí ti fẹ́ dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tó kan iyọ̀ ata díndín, ó bu ṣíbí kan, ó bu ìkejì, ó tún ń bu ìkẹta.

“Ó ti tó, mà.”

“Kò tíì tó.”

“Ó ti tó, mà.”

“Adéọpẹ́, ọdún mélòó lo ti ń dáná? Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń se ọbẹ̀ tà!”

Adéọpẹ́ sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó gba abọ́ iyọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tó ga. Ayọ̀níkẹ́ jáde síta, ó dúró sí ojú títì Müllerstraße nínú òtútù láìwọ kóòtù. Omijé fẹ́ bọ́, kò jẹ́ kó bọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bí ọbẹ̀ yìí bá tẹ́ lẹ́nu àwọn ará Billbrook, òun àti Adéọpẹ́ ti pínyà nìyẹn.

Ní Jímọ̀, ó gbéra ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó kọjá tọ́ílẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, inú rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ó kọjá èkejì, ó kọjá ẹ̀kẹta. Ó ń retí kó bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Loperamid wà nínú báàgì, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó rí bọ́ọ̀dù Hamburg, ó pariwo “Olúwa ṣeun!” nínú ọkọ̀ òun nìkan, ó sì fọwọ́ lu sítíárìn. Kò tíì tó aago kan tó fi dúró sẹ́nu géètì.

Àwọn èèyàn jáde ní aago méjì, wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n sì tò. Ọ̀kan nínú wọn, géńdé kan tí ebi ń pa, kò lè dúró dé ilé. Ó ṣí abọ́ ata díndín lórí ìdúró, ó ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́, ó jẹ ẹ́. Ayọ̀níkẹ́ ń wo ẹnu rẹ̀.

“Màmá!” ni géńdé náà ké. “Ọwọ́ yín ti padà o! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá tọ́ ọ wò, ọwọ́ Màmá ti padà!”

Wọ́n ń bọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní, bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ nìyí. Kúlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbẹ. Mọ́ṣúdù bá a palẹ̀ mọ́, eyín rẹ̀ wà níta.

“Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọ̀rọ̀ obìnrin Harburg ti parí. Wọ́n ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún Jímọ̀ tó ń bọ̀.”

“Wọ́n rí i pé mo tètè dé,” ni Ayọ̀níkẹ́ wí.

Mọ́ṣúdù wo bàtà iṣẹ́ rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan.”

“Kí ló kù?”

“Ẹ má bínú, mà. Iyọ̀ ni. Ó ti ń lọ bí oṣù mẹ́rin tí iyọ̀ yín ti ń pọ̀ jù. Omi la fi ń là á nílé ká tó lè jẹ ẹ́. Ìyẹn làwọn kan ṣe ń wo ti Harburg, kì í ṣe torí Jímọ̀ tẹ́ ẹ pa jẹ. Àgbà ni yín, mà. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún yín?”

Ayọ̀níkẹ́ ní ó dáa. Ó kí i, ó wọ ọkọ̀, ó tilẹ̀kùn. Bóyá oògùn ló ba ahọ́n náà jẹ́, bóyá ọjọ́ orí ni, èmi ò mọ̀, òun náà ò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ahọ́n tó ń jà kí wọ́n má gbà lọ́wọ́ òun, ó ti lọ tipẹ́, gbogbo Billbrook ló sì mọ̀. Inú rẹ̀ pa rọ́rọ́. Kò sí ibi tó ń dùn ún nínú gbogbo ara. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé, lẹ́yìn náà ló pe Adéọpẹ́.

“Ṣé o mọ̀ pé iyọ̀ mi ti ń pọ̀ jù?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà díẹ̀ ṣáájú Kérésì.”

“O wá ń wò mí níran? O ò lè sọ ọ́?”

“Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mà. Ẹ ní kí n gbájú mọ́ àlùbọ́sà tí mò ń gé.”

Àwọn tó ń ṣe Spätschicht, iṣẹ́ ọ̀sán, ti ń wọlé ní géètì, ẹnì kan juwọ́ sí Ayọ̀níkẹ́, kò rí i.

“Adéọpẹ́.”

“Mà?”

“Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́sí... pé o fi nǹkan sí...”

“Ẹ máa rọra wakọ̀, mà,” ni Adéọpẹ́ wí, ó sì pa fóònù.